Àwo Orin tí Bàbá Mi Ṣẹ́

Lánàá, ẹnì kan fi orin kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ orin àtijọ́ lórí Wasáàpù. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ha àwo, ó sì rán mi létí àwo tí bàbá mi ṣẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwó, bàbá mi jẹ́ tíṣà. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á gbé àwo orin wá sí pálọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbé èyí tó rí rà ní Olúpọ̀nnà wá. Obìnrin kan ń gbe orin náà, ohùn rẹ̀ ń dún gooro.

"Ta ló ń gbè é báyìí?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Màmá mi gbé ẹ̀pà sísè dé ẹnu ọ̀nà, ètè wọn ń bá orin náà lọ. Bàbá mi rí wọn. Ni bàbá mi bá yọ àwo náà, wọ́n fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì.

"Tíṣà! Àwo mi nìyẹn!"

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ni wọ́n ń wí fún bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń ṣa èérún rẹ̀. Èmi rò pé orin náà ni kò dára.

Lẹ́yìn ìsìnkú màmá mi ni àbúrò wọn sọ fún mi pé ohùn màmá mi ló wà nínú àwo náà, pé kí wọ́n tó lọ́kọ ni wọ́n gbè é.

Láti ọ̀sán tí bàbá mi ti ṣẹ́ àwo náà, tí gbogbo ìjọ bá ń kọrin, màmá mi á kàn ṣí ìwé orin sílẹ̀, wọn kì í lanu.