Ràkúnmí Tí Ọkọ Mi Dúńbú

Títí di òní olónìí, bí àlejò bá béèrè ilé wa ní Fìdítì, "ilé ràkúnmí" ni wọ́n á júwe fún un. Àwọn ọmọdé tó ń júwe rẹ̀ ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Mo ti darúgbó, mi ò lágbára ìjà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì kú.

Ìdílé alápatà ni ọkọ mi ti wá. Kí n tó wọlé wọn ni àwọn kan ti sọ lọ́jà pé bàbá rẹ̀ ń ta òkúǹbete, ìyẹn ẹran tó kú fúnra rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Irọ́ ni. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó bá a jà ló gbé e kiri. Ṣùgbọ́n nílùú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi tiwa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán lára èèyàn. Wọn ò ra ẹran lọ́wọ́ ọkùnrin náà mọ́ títí tó fi kú. Ọkọ mi bá di ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ sínú aṣọ, ó ní òun ò ní pa ẹran tà láéláé. Iṣẹ́ tí yóò fọ orúkọ ilé wọn mọ́ ló ń wá kiri.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ló rí i. Oko ẹran ìjọba kan wà lápá ọ̀nà Ìlọrà, níbi tí dókítà ẹran kan ti ń ṣèwádìí. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ó kàwé lókè òkun, kò sì gbéraga nígbà náà. Ó kó ràkúnmí mẹ́ta wá láti òkè Ọya: akọ kan, abo kan àti ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè gbé lọ́dọ̀ wa, níbi tí eṣinṣin tó ń kó àrùn sí ẹran lẹ́jẹ̀ pọ̀ sí. Ó ní ìran abo yẹn kì í tètè ṣàìsàn, òun sì fẹ́ wò ó bóyá ọmọ á jogún rẹ̀. Ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn wọn, ó ń wọn wàrà abo sínú ìgò. Ọkọ mi ló gbà láti máa tọ́jú wọn. Dókítà ṣèlérí pé bí òjò bá dá tí ọ̀kan ṣì wà láàyè, òun á fi ọkọ mi ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ẹran lóko náà.

Akọ ló kọ́kọ́ kú, ọmọ tẹ̀ lé e. Ó wá ku ìyá nìkan. Kò sẹ́ni tó lè fún wàrà rẹ̀ àfi ọkọ mi. Bí ẹlòmíràn bá sún mọ́ ọn, á tutọ́ sí i lójú. Mo máa ń pè é ní orogún mi. "Ṣé orogún mi ti jẹun?" ni mo máa ń bi ọkọ mi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á sì rẹ́rìn-ín. Ó bu wàrà náà wá fún mi lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ iyọ̀ ló ń ṣe lẹ́nu. Mo ní orogún mi ò mọ ọbẹ̀ sè.

Nígbà tí òjò ku díẹ̀ kó dá, ẹran náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Iké ẹ̀yìn rẹ̀ rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ń lọ sí Ìbàdàn, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ mi: "Bó bá kú lẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ránṣẹ́ sí mi kíá. Mo fẹ́ là á fúnra mi, kí n wo ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà." Ọkọ mi ní òun ti gbọ́. Mi ò ní purọ́ pé kò gbọ́.

Oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé lọ fún un lọ́jọ́ kejì tí mo fi bá ọ̀rọ̀ náà. Ràkúnmí ti na ọrùn gígùn yẹn sílẹ̀, èémí rẹ̀ ń já. Ọkọ mi ń yí i po.

"Ó ń kú lọ," ló wí.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Dókítà ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kó wá di òkúǹbete níwájú mi? Èmi ọmọ bàbá mi?"

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé ọmọdé ni mí. "Bí dókítà bá là á tán, àwọn lébìrà oko yìí á kó o, wọ́n á gbé e dé ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́, ta ni wọ́n máa ní ó tà á?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ bàbá rẹ̀. Mi ò mọ̀ rárá pé ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó yí orí ẹran náà síhà ìlà-oòrùn, ó ní "Bísímílláhì", ó sì fi ọ̀bẹ sí i nísàlẹ̀ ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń wá ya sílẹ̀, ilẹ̀ mu ún. Ọkọ mi jókòó tì í, ó ń sunkún, èmi náà sì ń sunkún.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn lébìrà ti dé, àwọn ìyàwó wọn ti gbé agbada dé láti Ìlọrà. Ọkọ mi ń pariwo pé, "Ẹ dúró de dókítà!" Ta ló dá a lóhùn? Eegun àti awọ ni dókítà bá nígbà tó fi ti Ìbàdàn dé. Ọkọ mi kò mú ẹyọ kan wálé. Ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo sè é.

Dókítà tó máa ń sọ pé "ẹ" fún ọkọ mi nítorí ọjọ́ orí, "ìwọ" ló ń pè é lọ́jọ́ náà. "Gbogbo iṣẹ́ mi lo dà sílẹ̀ yìí. Nítorí ẹran jíjẹ!"

"Dókítà, mi ò fẹnu kàn án. Ọlọ́run ń gbọ́."

Dókítà pe àwọn lébìrà. Ọ̀rá ẹran náà ò tíì gbẹ lẹ́nu wọn tí wọ́n fi sọ pé ọkọ mi ló pa á, òun ló sì pè wọ́n wá jẹ. Dókítà lé e lẹ́nu iṣẹ́ lójú gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà bàjẹ́ lóòótọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n kò bi ọkọ mi ní ìdí tó fi ṣe é. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa dé Fìdítì. Nídìí ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo ń tà lẹ́bàá títì, àwọn oníbàárà mi á ní, "Ìyá ọlọ́sàn, ẹran ràkúnmí dà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ná ọsàn mi ní ìnákúnàá. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo ti ń wo ọ̀nà látìgbà náà. Òtítọ́ ò tíì dé Fìdítì.

Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, àgbò wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo sáré mú ọ̀bẹ wá fún ọkọ mi. Ó jókòó, kò na ọwọ́.

"Ẹ dìde, ó ń kú lọ!"

"Jẹ́ kó kú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ jẹ ẹran."

Àgbò náà kú níwájú rẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé, ó sin ín fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń kó erùpẹ̀ lé e ni aládùúgbò wa kan yọjú lórí ògiri.

"Alápatà," ló wí, "ṣé ẹ ń sin ín ni, àbí ẹ fi í pamọ́ dọjọ́ ọjà?"

Ọkọ mi ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà.