Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Bọ́ Bàtà ní Kàtídírà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bàrígà, tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń lọ sí Èkó, Erékùṣù ló ń wí. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà, ẹja tó ń yan ló sì fi rán mi nílé ìwé.

Ní ọjọ́ kan, iléèwé wa fẹ́ lọ wo kàtídírà àtijọ́ kan ní Màrínà, wọ́n sì ní kí òbí tó bá ráyè bá wa lọ. Ìyá àgbà ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà! Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, wọn kì í sì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Mo bẹ̀ ẹ́ títí lọ́nà pé ti kàtídírà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi há abíyá, ó fẹsẹ̀ lásán wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì forí kanlẹ̀. Ilé náà ga, ó tutù, gíláàsì aláràbarà wà lójú fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ìyá ẹ àgbà nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá o. Aládùúgbò wa ni."

N kò mọ̀ pé ó ti dìde, pé ẹ̀yìn mi gan-an ló dúró sí.

Kò pẹ́ tí tíṣà wa wá kí i. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ọmọ wo lẹ bá wá?"

Ìyá àgbà wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Aládùúgbò ọmọ yìí ni mí. Mo ní kí n bá wọn wá wo ilé Olúwa."

Obìnrin tí kì í purọ́ fún oníbàárà purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kí ojú má baà tì mí. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ra búrẹ́dì fún mi ní Onípanu, kò sì mẹ́nu kàn án. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án títí ó fi kú. Ó dùn mí títí dòní.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ ọmọ mi a máa ya fọ́tò mi tèmi ti ìró tí mo ró sùn, a fi han gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, a ní, "Ìyá àgbà mi rèé." Mo máa ń bá a wí pé kò ní ìtìjú. Bó bá ti jáde tán, mo máa ń sunkún.