Ìdí Ọ̀pẹ Tí Ọmọ Mi Ti Máa Ń Bọ́ọ́lẹ̀

Kò sí ọlọ́kadà ní Ore tó ń fi ọmọ yangàn tó mi. Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dìbò yan ọmọbìnrin mi ṣe aṣojú wọn ni orúkọ mi ti yí padà ní páákì. Bàbá Aṣojú ni wọ́n ń pè mí. Bàbá tó bí mi wá dá oko kòkó olóko ní Ajue ni, kò kàwé, èmi náà kò kà á jìnnà, nítorí náà orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Èrò tó bá gun ọ̀kadà mi, bí kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan, á ti gbọ́ nípa ọmọ mi kí a tó dé Odigbo.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Nígbà tó wà ní ilé ìwé girama, èmi ni mo máa ń gbé e lọ láàárọ̀. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí èèyàn bá dúró nídìí rẹ̀, á máa wo géètì ilé ìwé náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti máa ń ní kí n dúró. "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n bọ́ọ́lẹ̀ níbí. Ẹ má fi epo ṣòfò." Ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ oòrùn, ìdí ọ̀pẹ ni. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n wá wo ọmọ tó láàánú bàbá ẹ̀ lójú. Àwọn tí ọmọ tiwọn ń yọ lẹ́nu a sì máa mi orí.

Nígbà tó yá, yunifásítì rẹ̀ àti àwọn yunifásítì òkè òkun kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe àpérò lọ́hùn-ún, kí àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá sọ̀rọ̀. Ọmọ tèmi wà lára àwọn tó wọ bàálù. Ó ní èèyàn lè máa wò ó lórí fóònù bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, Òyìnbó ni wọ́n máa sọ látòkè délẹ̀.

Kí n má yọ ara mi lẹ́nu kẹ̀! Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kó gbogbo páákì jọ. Ẹni tó ń ta ṣájà gbé spíkà kalẹ̀ fún wa, a gbé fóònù lé orí bẹ́ńṣì. Alága wa, Alhaji kan tó ti ṣe tíṣà rí kó tó máa gun ọ̀kadà, ní òun á máa túmọ̀. Òyìnbó tèmi kò ju ti gáréèjì lọ, ṣùgbọ́n èrò kan kò lè fi í bú mi kí n má gbọ́.

Bí ọmọ mi ṣe yọ, ariwo ta. "Na our pikin be dat!" ni ẹnì kan kígbe. Alága ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Ó ní ọmọ náà kí wọn. Ó ní ó sọ pé ibi tí wọ́n ti ń gbin kòkó lòun ti wá. Ó ní bàbá òun ń gun ọ̀kadà. A hó yèè.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni Alága kò túmọ̀.

Mo gbọ́ ọ. Ọmọ mi ní òun máa ń ní kí bàbá òun já òun sílẹ̀ kí àwọn tó dé ilé ìwé, torí òun kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun rí i, ojú ń ti òun. Ó ní òun máa ń purọ́ fún un pé nítorí epo ni. Ó ní ẹni tó bá fi ilé ara rẹ̀ pamọ́, báwo ló ṣe fẹ́ ṣojú ẹlòmíì?

Alága wúkọ́. "Ó ní… ó ní bàbá òun kò jẹ́ kí òun pẹ́ dé ilé ìwé rí."

Kò wojú mi. Mo wo àwọn yòókù. Ọ̀kan ń nu táńkì ọ̀kadà tí kò dọ̀tí, òmíràn ń wá nǹkan nínú àpò. Gbogbo wọn ló gbọ́ Òyìnbó gáréèjì bíi tèmi, gbogbo wọn ló sì ti gbọ́ ìtàn ìdí ọ̀pẹ lẹ́nu mi.

Nínú fóònù, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Alága ní, "Alhamdulillahi, ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí wọ́n lè rò pé mi ò gbọ́. Ojú gbà mí tì. Iṣẹ́ ọ̀kadà kọ́ ló tì mí lójú, iṣẹ́ yẹn ló bọ́ wa. Ẹnu tí mo fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá ni mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi pè, ó béèrè bóyá a wò ó. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Bàbá Aṣojú mọ́ ní páákì. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Nígbà tó dé, ilé ìwé girama rẹ̀ ní kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni màá gbé òun lọ. A kọ́kọ́ yà rọ epo, òun ló ní kí wọ́n rọ ọ́ kún. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ bí òtútù ṣe mú lọ́hùn-ún, èmi ń dáhùn hùn, hùn. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọ̀pẹ, mo rí àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò sí géètì, tí wọ́n ń dúró dè é. Mi ò pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú kàn ń tì mí pé kí wọ́n rí i lẹ́yìn mi ni. Mo tẹ bíréèkì.

"Bọ́ọ́lẹ̀ níbí," ni mo wí. "Ká má fi epo ṣòfò."

Kò bọ́ọ́lẹ̀.

"Bàámi, ẹ gbọ́ ọ."

"Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Gbogbo páákì."

Ó gbé iwájú orí lé mi lẹ́yìn. "Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́," ló wí. "Mo rò pé ẹ ò ní gbọ́."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti rí wa, wọ́n ń juwọ́. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ wa, epo ń jó lọ, kò sì sí ẹni tó lè bọ́ọ́lẹ̀ nínú àwa méjèèjì.