Ọjọ́ Tí Mo Mú Àbúrò Mi Lọ Síbi Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ọyàn

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà ní Ìlọrá, tí mo di báàgì mi mọ́ra, tí mo sì ń kìlọ̀ fún ọlọ́kadà pé kó má fi eré pa mí. Akinmọ́rín ni mo kọ́kọ́ ń lọ, láti mú Dọ́kásì àbúrò mi. Láti ibẹ̀ a ó gba Fìdítì, a ó sì wọ mọ́tò Ìbàdàn. Ìgò àgbo kan wà nínú báàgì mi. Èmi ni mo sè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìgò náà sọ́kàn.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì mọ̀ mí ní Ìlọrá mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ti Dọ́kásì yàtọ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, gàrí ló ń yan, bí ọ̀rọ̀ bá sì délẹ̀, ojú mi ló máa ń wò. Kókó kan ti wà lọ́yàn rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kó tó sọ fún mi. Oówo ló pè é, ọkọ rẹ̀ náà ní oówo ni. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, tí kò gbóná, tí kò sì dùn ún, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ló yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n sì sọ fún àwa méjèèjì pé jẹjẹrẹ ọyàn ni; a ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n ní kò tíì tàn, ó ṣeé wò. Wọ́n tún ní àwọn dókítà kan ń ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, pé bí Dọ́kásì bá yẹ fún un, yóò máa gba oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn náà kì í ṣe ohun tí apá wa lè ká. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bá lọ sí Ìbàdàn: kí wọ́n gba àbúrò mi.

Nígbà tí mo dé Akinmọ́rín, Dọ́kásì ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ ìsìn rẹ̀. Mo bu àgbo ife kan fún un. Ó fajú ro.

"Àǹtí mi, ṣé dókítà mọ̀ nípa eléyìí?"

"Gbé e mì jàre. Ewé lásán ni. Ewé wo ló ń bá èèyàn jà?"

Ó gbé e mì, mo sì dá ìgò padà sínú báàgì.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a dé Fìdítì. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ń dúró de ọkọ̀, àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn sì ń to ọjà wọn sẹ́bàá títì. Mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́rin tó pọ́n dáadáa. Ti dókítà ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, èèyàn kì í fi ọwọ́ lásán lọ bẹ ẹnìkan. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé Ojoo. Ọ̀nà ń dán, ó tún ń bàjẹ́, ó tún ń dán. Dẹ́rẹ́bà wa, bàbá kan tó ti hu ewú, máa ń ké sẹ́yìn pé, "Ẹ di ara yín mú o, kòtò tó ń bọ̀ yìí kì í kí àgbà!" Gbogbo ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mọ́tò bá fò, ọwọ́ Dọ́kásì á lọ bo ọyàn òsì rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà rí i nínú dígí, ó sì dẹ eré títí a fi kọjá Mọ́níyà. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Nílé ìwòsàn kékeré tiwa, ẹni tí nọ́ọ̀sì bá mọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ti ilé ìwòsàn ńlá tí a dé ní Ìbàdàn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe dé ni wọ́n ṣe ń pè yín. Wọ́n tún kọ nọ́ńbà sára fáìlì Dọ́kásì, wọn ò kọ orúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé ó di ẹlẹ́wọ̀n ni? Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí náà, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi, ní kí ẹni tó bá ka ìwé náà má baà mọ ẹni tó ni àìsàn ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n ó dá ọ̀pẹ̀ òyìnbó mi padà.

"Ẹ ṣé, mà. A ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Dókítà kọ́ ló ń yan ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà gba oògùn. Kọ̀mpútà ni."

"Ṣé kọ̀mpútà yín kì í jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà á.

Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́nsẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé èèyàn gbà tinútinú pé kí wọ́n fi òun kún ìwádìí. Nọ́ọ̀sì kà á fún wa ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo obìnrin tó wà nínú ìwádìí náà ló ń gba oògùn kan náà. Wọ́n á fà á sínú iṣan àwọn kan, èyí tó ń gba wákàtí púpọ̀. Wọ́n á gún àwọn yòókù lábẹ́rẹ́ nítan, kíá, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń ṣe. Bó ṣe kà á tán, mo na ọwọ́ gba bírò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ẹbí wa, aláìsàn kì í ní ẹnu, àgbà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ara ta ni?"

"Tirẹ̀ ni."

"Òun náà ló máa fọwọ́ sí i."

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àfi bí Dọ́kásì ṣe gbé ojú sókè, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, bó bá sú mi láàárín ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní lé mi kúrò níbi ìtọ́jú?" Nọ́ọ̀sì ní ó lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù ú, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní dúró. Èmi tí mo kàwé, ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn. Dọ́kásì kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mélòó? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Lẹ́yìn náà: "Ṣé ẹ ń lo àgbo kankan?"

"Rárá o!" Èmi ni mo dáhùn. Ojú ń tì mí, tíṣà àgbà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kí wọ́n má baà pè wá ní ará oko. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní gbà á.

Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan. Dọ́kásì ló kọjú sí. "Ìyá, ẹ̀yin ni mo bi."

Dọ́kásì wò mí, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi.

"Mo ń mu ún. Mo mu ún láàárọ̀ yìí. Ó wà nínú báàgì Àǹtí mi."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la kó gbé mi mì. Wọn ò pariwo mọ́ wa. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kí a dúró de èsì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọn ò gbà. Dọ́kásì wá ní, "Àǹtí mi, mo bẹ̀rù yín ju àìsàn yìí lọ." Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó dárí jì mí, ó sì gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún mi.

Èsì dé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń rojọ́ díẹ̀. Dókítà ní bí wọ́n bá gún un ní oògùn tiwọn lé àgbo yẹn lórí láìmọ̀, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ náà léṣe gidi, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn ló fà á, àwọn obìnrin mìíràn á sì pàdánù oògùn tó dára. Kí ó fi àgbo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà wá. Bí ẹ̀dọ̀ bá balẹ̀, wọ́n á gbà á. Ó ní òun rò pé yóò balẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé Akinmọ́rín. Ọkọ Dọ́kásì àti ìyá ìjọ méjì jókòó níwájú ilé. Èmi ni gbogbo wọn kọjú sí.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú àbọ̀. Kí ni wọ́n sọ nípa oówo náà?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

Mo ti la ẹnu. Mo tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì. Mo pa á dé.

"Ẹ bi ẹni tó ni ara," ni mo wí.

Dọ́kásì tú gèlè rẹ̀, ó jókòó. "Kì í ṣe oówo. Jẹjẹrẹ ọyàn ni. Kò tíì tàn, wọ́n sì lè wò ó. Mo ti fọwọ́ sí ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má bu àgbo fún mi mọ́, títí kan Àǹtí mi."

Mo dìde, mo lọ da àgbo inú ìgò náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbà tó fẹ́ dáàbò bo èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo lọ kọ́ ní Ìbàdàn nìyẹn, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo padà, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ náà ti sún mọ́ àbúrò mi, ó fi ọwọ́ di àyà ara rẹ̀ mú.

"Dọ́kásì, nǹkan kan wà lára tèmi náà. Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?"

Kò wo ibi tí mo wà rárá. Dọ́kásì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún un, láti Fìdítì títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà.