Ooru Inú Láàpútọ́ọ̀pù Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi, tí gbogbo rẹ̀ ṣojú rẹ̀, bí mo bá ti ń sọ ọ́ fún àlejò báyìí, ńṣe ló máa ń rántí pé òun gbé nǹkan sórí iná. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó kọ̀ ọ́. Èmi tí mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, inú ṣì ń bí mi sí i dòní.

Ìyàwó àbúrò mi ló bímọ obìnrin nílùú òyìnbó. Ìyá mi sì ní orúkọ kan tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ náà, orúkọ ìyá tó bí àwọn gan-an lọ́mọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì jẹ́ rí. Nígbà tí àbúrò mi bí àkọ́bí rẹ̀, Màmá jókòó síwájú fóònù, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n la ẹnu báyìí láti pe orúkọ, fóònù já. Ká tó rí wọn pè padà, áfáà tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti ń jẹun. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí wọ́n ṣe le ju ìjà lọ: wọ́n dákẹ́. Títí di ìsinsìnyí, "ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pe ọmọ náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kó ẹrù wọn láti Ìkirè-Ilé wá sílé wa ní Àpòmù lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ìsọmọlórúkọ tó máa wáyé láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Ojú wọn kò gbé fóònù mọ́, láàpútọ́ọ̀pù mi ni wọ́n fẹ́ fi rí ọmọ. Kí wọ́n tó gba omi mu ni wọ́n ti sọ fún mi pé, "Bí ẹ̀rọ rẹ bá tún já mi kulẹ̀, mi ò ní la ẹnu mi sọ ọmọ kankan lórúkọ mọ́ nínú ilé yìí. Mo ti sọ ọ́."

Láàpútọ́ọ̀pù yìí ti dàgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ Lítíréṣọ̀ ní Ìkirè, ló bá mi fi Linux, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ, sí i. Ó ní èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wúwo jù fún un, pé bí ẹni gbé àpò kòkó ru àgbàlagbà ni. Látìgbà náà, ẹ̀rọ yìí kì í dún, kì í fọhùn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo ní ká dán ìpè wò pẹ̀lú àbúrò mi. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ìdí rẹ̀ gbóná débi pé mo sáré gbé e kúrò lórí itan. Ojú àbúrò mi dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lódò, ohùn rẹ̀ ń já bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Màmá wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó ti ń bọ̀ nìyẹn."

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ní yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí mo máa ń jẹ nídìí ẹ̀rọ náà. Mi ò purọ́. Mo ní dòdò Ìkirè ni. Mo máa ń rà á lẹ́bàá títì bí mo bá ń lọ sílé, mo sì máa ń jẹ ẹ́ bí mo bá ń máàkì iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn olùkọ́ yòókù fi dẹ́kun ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ni dòdò dúdú yẹn máa pa nǹkan nílé mi, pé èmi ni òun kàn rò pé ó máa kọ́kọ́ pa.

Mo délé, mo tú ìdí ẹ̀rọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá inú rẹ̀, mo fi ẹnu fẹ́ eruku jáde. Ìdajì eruku náà kó sí mi lẹ́nu. Mo dè é padà, mo tan án. Ó hó.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ó ní kí n ṣí ojú dúdú kan tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí n tẹ "top" síbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe tò jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń tò lórí ìlà láàárọ̀, èyí tó ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ jù lọ ló wà níwájú. Búráúsà ni, ìyẹn ohun tí a fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n kọ sí i lára lé ní ọgọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè bí nǹkan ṣe lè jẹ ju ohun tó wà nínú abọ́ lọ.

"Ọpọlọ mẹ́rin ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ yẹn, Tíṣà," ló wí. "Ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún lọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Má fi tìẹ wọ̀n ọ́n."

Mo ní ṣé a fẹ́ bú ara wa ni àbí a fẹ́ ṣàtúnṣe. Ó ní kí n pa búráúsà. Mo pa á. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ mọ́ àfi àwòrán òkè tí ọ̀rẹ́ mi fi sí i. Mo padà wo ìlà yẹn: búráúsà ṣì wà níwájú, ó ń jẹ lọ. Ohun tí mo ti pa ń jẹun! Ó ní kí n fi àṣẹ pa á tipátipá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, fáànù sì rọlẹ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan. Bí mo ṣe tún ṣí búráúsà báyìí, ìhó bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ látòkè délẹ̀, mo tún un tan. Bákan náà ni. Mo yọ gbogbo ohun tí mo ti so mọ́ búráúsà kúrò: èyí tó ń dínà ìpolówó ọjà, èyí tó ń yẹ àkọtọ́ wò, àti èyí tí mi ò rántí ìgbà tí mo so ó mọ́ ọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u sí ìhòòhò. Kò dẹwọ́.

Èyí tó tún wá dùn mí ni pé dátà ń gbẹ. Fóònù mi ni mo fi ń pín dátà fún láàpútọ́ọ̀pù, dátà tó sì yẹ kó gbé wa dé ìparí oṣù ti kù díẹ̀ kó tán. Mo na ohùn sí ìyàwó mi, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, mo ní fídíò wo ló ń wò tó ń fa dátà mi mu báyìí. Ó dáhùn láìgbójú sókè pé fóònù òun wà lẹ́nu ṣájà láti àárọ̀, pé kí n lọ bi àwọn ọpọlọ mẹ́rin yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ní ohun kan ló kù. Ó ní búráúsà fúnra rẹ̀ ní ojú ewé kan tó máa ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé tó wà ní ṣíṣí ń jẹ. Ó júwe bí mo ṣe máa débẹ̀. Mo débẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo ṣí wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Lókè rẹ̀ ni ọ̀kan tí mi ò mọ̀ rí wà, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀. Ẹ rántí pé wọ́n fi pàṣán kọ́ mi nílé kéwú. Mo kà á. Mẹ́kà ni mo rí níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ló ṣí Mẹ́kà nínú láàpútọ́ọ̀pù mi?"

Ìyàwó mi fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó sáré wọlé. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Áfáà kò tíì parí."

Mo ní áfáà wo. Ó nawọ́ kọjá mi, ó tẹ bọ́tìnnì mélòó kan pọ̀, ojú ẹ̀rọ sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fa kọ́tìnnì. Yàrá kejì ni. Linux yìí, bí ilé oníyàrá púpọ̀ ló rí, ènìyàn lè kó nǹkan sí yàrá kan kó lọ jókòó sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ti fi í han àwa méjèèjì lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ dé. Èmi ti gbàgbé, ìyàwó mi kò gbàgbé. Ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà, ní fídíò gbalaja, àwọn èrò tó wọ aṣọ funfun báláú ń yí Kàábà po. Kò sí ohùn kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sàn-án Sátidé tí mo sùn lọ, Màmá ní àwọn fẹ́ gbọ́ kéwú, ìyàwó mi sì ṣí i fún wọn. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá kí Màmá káàbọ̀, ariwo pọ̀, ìyàwó mi fẹ́ pa á, Màmá ní ká má ṣe já Àlùkùránì lẹ́nu: ká dúró kí áfáà parí, kó sọ pé Ọlọ́hun sọ òdodo, ká tó pa á. Ni ìyàwó mi bá pa ohùn rẹ̀ mọ́, ó tì í sí yàrá kejì, ó ń retí kó parí. Láti Sátidé. Kò mọ̀ pé ibi tí òun ṣí yẹn kì í parí, tọ̀sán-tòru ni, bí áfáà kan bá sọ̀ kalẹ̀ òmíràn á gùn ún. Búráúsà tí mo sì ti kọ́ pé kó máa rántí gbogbo ohun tó bá wà ní ṣíṣí, gbogbo ìgbà tí mo bá pa á tí mo tún un ṣí ló ń gbé Mẹ́kà padà wá.

Mo nawọ́ láti pa á. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Màmá láti inú yàrá: "Ṣé wọ́n ti parí ni?"

Mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo ní ohun yìí ló ń jẹ ọpọlọ ẹ̀rọ, pé bó bá wà níbẹ̀ di ọ̀la, ọmọ ò ní rí wọn, wọn ò ní rí ọmọ. Màmá ronú díẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ò ní tìtorí ọmọ já ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí méjì. Wọ́n ní kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè, ká jọ dúró dè é.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti láàpútọ́ọ̀pù bí ẹni ń yáná. Áfáà ké é, ó dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bó bá ti ń rọ ohùn sílẹ̀ tí mo sún ọwọ́ mọ́ bọ́tìnnì, ó ti mí, ó ti mú orí tó tẹ̀ lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara fi ń ta mí. Ìgbà kan tí mo rò pé ó tó àkókò, ìyàwó mi gbá mi lọ́wọ́. Fáànù ń hó, ooru ń jáde, dátà ń gbẹ, oòrùn ń wọ̀. Láìpẹ́, iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ tí ooru ti jẹ tán kò lè dúró, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù.

Màmá fi ọwọ́ pa ojú. Wọ́n ní, "Àlùhámúdùlíláì. Ẹni tó ni ín ló pa á."

Ṣùgbọ́n èmi mọ búráúsà mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá tan ẹ̀rọ, áfáà ń bọ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, mo jókòó, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe: mo pa dátà fóònù mi kí n tó ṣí búráúsà. Yàrá kejì ṣí lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni, kò sí Mẹ́kà, kò sí áfáà, ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pa òfìfo. Mi ò já ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo tan dátà, mo pe àbúrò mi, ojú rẹ̀ mọ́ rekete, fáànù kò mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá jókòó síwájú láàpútọ́ọ̀pù nínú aṣọ funfun. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní ó tutù, pé ṣé kò tíì kú. Kó tó di pé mo dáhùn, àbúrò mi yọ tọmọtọmọ. Màmá la ẹnu, ẹ̀rọ kò já, wọ́n pe orúkọ ìyá wọn ketekete, wọ́n gbọ́ tí gbogbo èrò ọ̀hún pè é tẹ̀ lé wọn. Mi ò rí omijé Màmá rí títí di ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ìpè parí, wọ́n nu ojú. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé áfáà padà wá, kí àwọn fi dúpẹ́. Mo gbé e wá. Fáànù hó. Màmá gbé e ka itan, wọ́n di ojú, wọ́n ń mì lọ mì bọ̀. Mo dúró di ìgbà tí agogo ilé ìwé ti ń pè mí lọ́kàn, mo mú fóònù mi, mo yọ́ jáde. Mi ò tíì dé ìdí ọ̀kadà tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn mi. Áfáà ti dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Dátà tó ń ké kéwú ló wà lápò mi.

Bí mo ṣe dé Ìkirè lọ́jọ́ náà láìní láàpútọ́ọ̀pù, láìní fóònù nìyẹn, tí mo pẹ́, tí ọ̀rẹ́ mi sì dúró dè mí lẹ́nu géètì, tó ń bi mí ìdí tí mi ò fi gbé ìpè rẹ̀. Mo ní fóònù mi wà nílé, ó ń retí kí áfáà parí.