Tíṣà Dúrótoyè àti Ìlú Tí Kò Wá Kàwé

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Dúrótoyè ní Èmùré lónìí, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló sọ yàrá iwájú ilé rẹ̀ di ibi ìkàwé, ó sì ní kí akéde pariwo káàkiri pé kí tọmọdé tàgbà wá nítorí ìwé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó to bẹ́ǹṣì mẹ́fà. Ó ní bí èèyàn méje bá wá, òun á dúpẹ́. Èèyàn igba ó lé ló dé. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gun ọ̀kadà wá láti Ìmẹ̀sí-Lásigidi. Omi lé ròrò sójú Tíṣà. Ó ṣí ìwé, ó gbóhùn sókè, ó kà á fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni Ògúnlẹ́yẹ, àgbẹ̀ kòkó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti nawọ́ sókè. “Tíṣà, ùwé náà dùn o. Ojú ewé wo ni ajílẹ̀ wà?”

Fọ́ọ̀mù ajílẹ̀ ìjọba ni gbogbo wọn rò pé akéde ń pè ní ìwé. Kí Tíṣà tó ṣàlàyé tán, yàrá ti ṣófo. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ gbé ìwé kan lọ, ó ní òun ò lè rin irú ìrìn yẹn kí òun pa dà lọ́wọ́ òfo.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ògúnlẹ́yẹ nìkan ló wá, oorun ló sì wá sùn. Inú bí Tíṣà. Ó gbé àga sẹ́bàá títì, ó ń dá àwọn èèyàn dúró, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n wá.

“Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Bàbá?” ni Gabriel ọlọ́kadà wí. “Àgbẹ̀ wo ló ń bẹ ní ulé lákòókò yẹn? Olè nìkan lẹ máa rí pè.”

Ìyá Ìfẹ́ tó ń dín gààrí ní, “Òyìnbó ni gbogbo ùwé yín. Kí n tó mọ ohun tí ọkùnrin inú rẹ̀ ń wí, gààrí mi á ti jóná.”

Christiana ìyàwó Tíṣà ló wá sọ ojú abẹ níkòó. “Bàbá Mojírádé, ta lẹ ò nà nínú wọn nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì yín? Bí wọ́n bá ti rí yín pẹ̀lú ìwé, ìdí ló ń ta wọ́n.” Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òótọ́ ló sọ.

Ló bá kó ìwé Yorùbá sínú àpò, ó gba ibi tí àwọn obìnrin ti ń dín gààrí lọ. Ìyá Ìfẹ́ ní ẹnikẹ́ni kì í jókòó lásán níbẹ̀. Ojú ewé kan tó bá kà, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan ni yóò bó. Tíṣà gé ara rẹ̀ lọ́bẹ ní orí kìíní ìwé náà. Nígbà tó fi dé orí kẹrin, ó ti mọ ẹ̀gẹ́ bó ju Christiana lọ.

Ọ̀rọ̀ Ògúnlẹ́yẹ nìkan ló kù. Gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá na ìwé sí i pé kó ka díẹ̀, á ní, “Mo gbàgbé awò ojú mi sí ulé.” Tíṣà bọ́ tirẹ̀ fún un; ó ní kò bá òun lójú mu. Tíṣà ra òmíràn ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ó ń kọ òun lójú. Nígbà tí Mojírádé ọmọ Tíṣà fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, Tíṣà gbé e tọ̀ ọ́ lọ sí ahéré.

Ògúnlẹ́yẹ wo awò náà títí. Ogójì ọdún ló ti ń ṣí ìwé orin sí ibi tó bá wù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ orin tó ti há sórí. Ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí kì í dákẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Tíṣà, má wulẹ̀ ra awò mọ́,” ló wí. “Èyí tí mò ń wá, ulé ùwé nìkan ni wọ́n ti ń tà á.”

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ lẹ́tà kan sórí erùpẹ̀. “A,” ló wí. “A, ajá.”

“A, ajílẹ̀,” ni Ògúnlẹ́yẹ dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì fi ẹ̀rín ṣubú sábẹ́ kòkó.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é lábẹ́ igi kòkó yẹn. Tíṣà, tí kò lè pa iye tó ra bàtà rẹ̀ mọ́ra, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan Christiana pàápàá.

Lásìkò òjò èṣí ni Tíṣà kú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀, Ògúnlẹ́yẹ lọ síbi gààrí. Àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́.

“Ibo la tiẹ̀ bá ùwé yẹn dé?” ni Ìyá Ìfẹ́ bi ilẹ̀.

Ògúnlẹ́yẹ dìde, ó mú ìwé náà níbi tí Tíṣà fi í sí kẹ́yìn, ó wá ibẹ̀ kàn. Kò kàwé lójú ẹnikẹ́ni rí yàtọ̀ sí ẹnì kan. Ó ka ìlà kìíní, ó rọra ń tọ̀ ọ́ bí ẹni ń gba orí afárá olókùn kọjá. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dé orí ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó há. Ó pa dà sẹ́yìn, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há.

“Ẹ fò ó, Bàbá,” ni Ìyá Ìfẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Tíṣà ò ní jẹ́ ká fò ó,” ni Ògúnlẹ́yẹ wí, ó sì fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn obìnrin fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n fa igi kúrò nínú iná kí gààrí má baà jó, wọ́n sì ń dúró dè é.