Orúkọ Tí Màmá Kò Kà

“Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa.”

“Òo, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ṣé o ti jẹun?”

Ìyá Ìlárá ló ń dá rédíò lóhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, èèpo ẹ̀gẹ́ yí wọn ká. Nínú àgbàlá wa l'Áyétòrò, ta ló tó sọ fún wọn pé rédíò kì í gbọ́ràn? Wọn kì í sì jẹ́ kí a yí i sí ibòmíràn. Wọ́n ní a kì í kẹ̀yìn sí ọmọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, yàrá wọn kọjú sí ti Ìyá Ìlárá. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n ṣì lè fa etí mi.

Ìwé ìròyìn ni Màmá, bí a ṣe ń pè wọ́n, kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Kí bébà wọn tó dé Ayétòrò, ìròyìn inú rẹ̀ á ti hu irùngbọ̀n. Nígbà tí bébà náà kógbá sílé ni wọ́n bọ́ sí rédíò. Ní ìdájí, bí òórùn gààrí yíyan bá ti gba àgbàlá, wọ́n á dúró lẹ́bàá kànga, wọ́n á máa ka ìròyìn àná sókè fún àwọn ewúrẹ́. Àwa ọmọdé á máa sín wọn jẹ.

“Ẹ máa sín mi jẹ,” wọ́n á ní. “Ti bébà, bí mo bá ṣe àṣìṣe, alákàrà á fi wé àkàrà, ó parí. Ti rédíò ti wọ etí kí n tó pa ẹnu dé.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó ti Ìyá Ìlárá, ìròyìn ń lọ. Ó kan ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọsàn, tó dojú dé lọ́nà Igbogila.

“Awakọ̀ náà kú. Orúkọ rẹ̀ ni…”

Rédíò dákẹ́. Mo rò pé bátìrì ló kú, mo nawọ́ láti gbá a nídìí.

“A ó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ilé rẹ̀ bá ti gbọ́,” ni Màmá wí, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò.

“Páà!” ni Ìyá Ìlárá wí. “Ọmọ ọlọ́mọ! Kí Ọlọ́run tu ìyá ẹ̀ nínú o.” Wọ́n tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá wọlé pẹ̀lú bàbá méjì, mọ̀lẹ́bí Ìyá Ìlárá. Àwọn bàbá jókòó, wọ́n béèrè omi, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá. Màmá rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Ìyá Ìlárá, wọ́n di ọwọ́ náà mú. Ìgbà náà ni bàbá àgbà nínú wọn wá sọ ọ́: ọmọ Ìyá Ìlárá ni awakọ̀ ọkọ̀ ọsàn náà. Bí ìyá ṣe kígbe, ọwọ́ wa ni wọ́n ṣubú sí.

Ọ̀gá Màmá níbi iṣẹ́ kò gba bí wọ́n ṣe fo orúkọ náà. Ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn ti dárúkọ awakọ̀ lọ́sàn-án yẹn kan náà. Wọ́n yọ Màmá nídìí ìròyìn, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa kéde ẹran tó sọnù. Àwa náà kúkú rí nǹkan tuntun sín jẹ: “Ewúrẹ́ dúdú kan, olórí funfun, ló sọnù o!”

Mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n.

“Ó dùn mí,” ni Màmá wí. “Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà ní ìyá.”

Láti ọjọ́ ọ̀fọ̀ yẹn, Ìyá Ìlárá kò dá rédíò lóhùn mọ́. Ìgbà tó yá, wọ́n dá Màmá padà sídìí ìròyìn.

“Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa.”

Ìyá Ìlárá wo rédíò títí. “Òo, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Lónìí, òkú kì í tíì tutù kí fóònù mi tó dún. Àwọn ọmọ mi á ní kí n tètè fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wa. Mo máa ń bi wọ́n pé, “Ṣé ìyá ẹ̀ ti gbọ́?” Wọ́n ní mo ti di ará àtijọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Títí wọn á fi rí èsì fún mi, fóònù á wà nílẹ̀, mo ti dojú rẹ̀ dé.